Ọwọ́ Mìíràn Lára Agogo Yésúfù

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé Yésúfù Àtàndá, alágogo kánsù, fi ẹnu ara rẹ̀ kéde ikú ara rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, kó lè rí ìrẹsì sàráà jẹ. Mo tiẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin kan nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe bí ọkùnrin náà ṣe ń lu agogo tó sì ń sunkún ara rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Ẹni tó bá mọ Yésúfù mọ̀ pé kò ka ìrẹsì kún oúnjẹ, ẹ̀bà ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí agogo kéde ikú rẹ̀, inú oko ẹ̀gẹ́ ló wà, ó ń tu koríko, ó ń kọrin, kò mọ̀ pé òun ti kú. Bó ṣe jẹ́ gan-an nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi lábẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Yésúfù kò ga, kò sì sanra. Gbogbo ohun tí Ọlọ́run fi dù ú ní gíga, ohùn ló fi san án fún un. Bó bá kí ènìyàn ní etí ọ̀sà, apẹja tó wà láàárín omi á dáhùn. Bàbá rẹ̀ ló ń lu agogo ìlú kí kánsù tó dé. Nígbà tí kánsù dé, ó bá agogo nílẹ̀, ó ní kó wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Bí bàbá ṣe kú, Yésúfù jogún agogo, kò sì sí ohun mìíràn láyé yìí tó fi ń yangàn. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló ní, kò ní dárúkọ oko, kò ní dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Á ní, "Mo ní agogo."

Àárọ̀ ló máa ń jáde. Á kọ́kọ́ yí Ọ̀jọ́ ká, á gun kẹ̀kẹ́ gba àárín oko ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìbá, á sì ti ibẹ̀ yọ sí Òkókómáíkò. Ohunkóhun tí kánsù bá ní í sọ, ẹnu rẹ̀ ló ń gbà. Wolé-wolé ń bọ̀ wá yẹ ìkòkò omi wò. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ búpá. Kí wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Á lu agogo lẹ́ẹ̀mejì, á dúró bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, á tún lù ú lẹ́ẹ̀kan: kó-kó... kó. Bí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn pàápàá mọ̀ ọ́n. Bó bá parí ọ̀rọ̀, á bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́?" Wọ́n á dáhùn pé, "A gbọ́ o!" Bí wọn ò bá tíì dáhùn, kò ní kúrò lójú kan. Ẹni tó bá sì ti dáhùn, kò lè sọ mọ́ pé òun ò mọ̀.

Ó sì fàyè gba ìbéèrè. Lọ́jọ́ tó kéde pé gbogbo ajá gbọ́dọ̀ gba láísẹ́nsì, obìnrin kan jáde ní Òkókómáíkò pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Yésúfù, ajá tèmi kò níwà rárá. Ṣé òun náà á gbà á?"

"Ajá tí kò níwà gan-an ni kánsù ń wá."

"Tí wọ́n bá ń wá a, kí wọ́n wá mú un, kí n sinmi."

"Ìyá, mi ò sọ pé kánsù fẹ́ ràn yín lọ́wọ́. Mo ní kí ẹ wá gba láísẹ́nsì. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!" ni obìnrin náà sọ, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ Yésúfù àti kánsù.

Nǹkan méjì kan wà tí ará ibí kì í fi ṣeré nípa agogo. Ohun tí agogo bá ti sọ, agogo nìkan ló lè yí i padà. Agogo ò sì ní ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, àfi kí ẹni tó ń lù ú tẹ́lẹ̀ kú. Nígbà tí bàbá Yésúfù lọ, ẹnikẹ́ni ò kéde rẹ̀. Yésúfù kàn gbé agogo, ó lù ú, wọ́n gbọ́ pé ọwọ́ ti yàtọ̀, gbogbo agbo ilé bú sẹ́kún kó tó la ẹnu.

Èyí ni akọ̀wé kánsù kò mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà ni wọ́n ń pè é, àlejò ni, ọ̀nà òkè ló ti wá, ní ọdún kejì tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò ṣe ìkà, ṣùgbọ́n ó ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn Ọ̀jọ́, ẹni tó bá sì lè fún ara rẹ̀ lọ́rùn báyẹn láìsí ẹjọ́, ohunkóhun ló lè ṣe. Kò tíì mọ ọ̀nà ọjà tó fi ránṣẹ́ pe Yésúfù.

"Bàbá Alágogo, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́. Ayé ti là. Pátákó la ó máa lò báyìí. A ó kàn án mọ́lẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá, ní Òkókómáíkò, a ó máa lẹ ìwé mọ́ ọn. Ẹ ó kéde ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, pé agogo ti parí."

Yésúfù ní òun kọ́kọ́ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Akọ̀wé, ṣé èmi ni n ó kéde pé ẹ ti lé mi?"

"Ta ló tún kù? Ṣebí ẹ̀yin ni alágogo."

Yésúfù dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gun kẹ̀kẹ́. Agogo bàbá rẹ̀ so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń dún fúnra rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń jábọ́ sínú kòtò. Ó ní bí òun bá kéde ọ̀rọ̀ yìí, òun ti di ẹni tó ní oko àti kẹ̀kẹ́ nìkan. Bí òun kò bá sì kéde rẹ̀, kò tíì ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí agogo kò sọ, ta ló gbọ́ ọ?

Ó lu agogo. Ó sọ ti ìkòkò omi, wọ́n ní àwọn gbọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù." Ó wúkọ́. "Ẹ má bínú, ọ̀fun mi ló dí. Ó di ìgbà mìíràn."

"A gbọ́ o! Pẹ̀lẹ́ o!"

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá jáde. Ti búpá á jáde, ti ajá á jáde, bó bá ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan yẹn, ọ̀fun á dí. Àwọn obìnrin Ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oyin pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ẹlòmíràn gbé atalẹ̀ wá, ẹlòmíràn gbé epo pupa. Ìyàwó rẹ̀, Fàúsátù, tó mọ ohun tó ń lọ, dúró tì í níbi tó ti ń jẹun.

"Baba Àlàbí, ọ̀fun tó ń gbé òkèlè tó tó orí ọmọdé mì yìí náà ló dí?"

"Ọ̀nà ẹ̀bà kò dí, Fàúsátù. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló dí."

Kánsù kàn pátákó mọ́lẹ̀ láìdúró dè é. Pátákó dúró, kò bèèrè bóyá wọ́n gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì dá a lóhùn. Ní Ìbá, ewúrẹ́ rí ohun tí yóò máa fi ara ha. Ti Òkókómáíkò ló tún dára jù. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn sọ pé kí olúkúlùkù gbẹ́ ṣáláńgá, kó sì ṣe ilẹ̀kùn sí i. Baálé kan tó ti gbẹ́ tirẹ̀ ń wá pákó kiri, ó tu pátákó kánsù, ó fi ṣe ilẹ̀kùn ṣáláńgá, ó kọ ojú ìwé sínú. Nígbà tí wolé-wolé dé, òun nìkan ló ti pa òfin mọ́ ní gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló sì ń ka ìwé kánsù láràárọ̀.

Inú bí Ògúnlànà. Ó rán mẹ́sénjà rẹ̀ lọ sí ilé Yésúfù. Abọ́dúnrìn lorúkọ mẹ́sénjà yìí, ọmọ Ìbá ni, ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́, orí rẹ̀ kì í sáré bí ẹsẹ̀. Yésúfù ti lọ sí oko. Abọ́dúnrìn ní kánsù fẹ́ rí agogo, Fàúsátù rò pé wọ́n fẹ́ tún un ṣe ni, ó gbé e fún un. Akọ̀wé ní, "Lọ sí ojúde ọjà. Lù ú, kí o sọ pé agogo ti parí."

Abọ́dúnrìn lù ú. Bí ẹní ń ṣẹ́ igi ìdáná ló ṣe lù ú: kó-kó-kó-kó-kó!

Gbogbo ọjà gbọ́ pé ọwọ́ ti yàtọ̀. Obìnrin kan tó ń ka ẹja yíyan sínú agbọ̀n ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Yésúfù ti lọ!" Ni ẹkún bá gba ọjà. Abọ́dúnrìn ń pariwo ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ó rántí iṣẹ́ náà dé òpin, ó bèèrè pé, "Ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo ọjà dáhùn pẹ̀lú omijé pé, "A gbọ́ o!"

Ó padà sí ọ́fíìsì. "Wọ́n gbọ́, sà. Ó tiẹ̀ dùn wọ́n gan-an. Wọ́n sunkún."

Orí Akọ̀wé wú. Ó ní òun kò mọ̀ pé ará ibí ka ọ̀rọ̀ kánsù sí tó báyẹn.

Yésúfù ń bọ̀ láti oko nírọ̀lẹ́, ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó rí èrò tó ń wọ́ lọ sí ọ̀nà ilé rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá wọn rìn, bí ọmọ ènìyàn gidi. Obìnrin kan wà níwájú rẹ̀ tó ru ìrẹsì.

"Ìyá, ta ló kú?"

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. "Yésúfù alágogo ni. Ènìyàn dáadáa. Kò sí irú rẹ̀ mọ́."

Ó sọ fún mi pé inú òun kọ́kọ́ dùn díẹ̀ láti gbọ́ pé ènìyàn dáadáa ni, kí òun tó rántí pé òun ni wọ́n ń wí.

Ó já wọlé. Fàúsátù wà lórí ẹní láàárín àwọn obìnrin. Bó ṣe rí ọkọ rẹ̀, ó figbe ta, ó nàka sí i.

"Ẹ dì í mú o!" ni àwọn obìnrin wí. "Ó ti ń rí i."

"Ó ń rí mi nítorí mo dúró síbí!" ni Yésúfù sọ, pẹ̀lú ohùn tí ẹ mọ̀ yẹn. Ìkòkò mì lórí ààrò.

Bàbá Adélékè, tó dàgbà jù ní gbogbo Ọ̀jọ́, na ọ̀pá, ó fi gún un léjìká. Ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ara ni."

"Bàbá, mo wà láàyè."

"A rí ọ. Ta ló ń bá ọ jiyàn?"

"Kí lẹ wá ń sunkún sí?"

"Agogo ti sọ̀rọ̀, Yésúfù. Ọwọ́ mìíràn ló lù ú, a sì ti dáhùn pé a gbọ́. Ṣé ẹnu tá a fi sọ pé a gbọ́ náà la ó fi sọ pé a ò gbọ́? Ìwọ tó o kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ìwọ lo fẹ́ bà á jẹ́?"

Yésúfù mọ ọ̀rọ̀ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. "Ta ni yóò wá sọ pé mi ò kú?"

"Agogo ni."

"Níbo ni agogo wà?"

"Ọwọ́ ẹni tó rọ́pò rẹ. Jókòó, má dí wa lọ́wọ́. Wọ́n fẹ́ bu oúnjẹ."

Bí ayé Yésúfù ṣe dojú rú nìyẹn. Àwọn àlejò ń wọlé, wọ́n ń kí Fàúsátù pé, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," òun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń bá a dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, ẹ ṣeun." Wọn ò jẹ́ kí Fàúsátù lọ sí ọjà, wọ́n ní opó ni. Fàúsátù yí ojú sí i, ó ní, "Baba Àlàbí, tẹ́ ẹ bá máa kú, ẹ kú tán. Opó tó ń se ẹ̀bà fún ọkọ rẹ̀, irú èwo nìyẹn?" Ọkùnrin kan tó ti pẹ́ tó ti yá ọkọ́ rẹ̀ ní òun kò ní dá a padà fún un, àfi fún àwọn ọmọ tó fi sáyé lọ. Àmọ́ gbogbo èyí kò dùn ún tó ti agogo. Bó bá jí láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á na sí ara ògiri níbi tó máa ń gbé e kọ́ sí, á kan ìṣó.

Kánsù náà kò sinmi. Wolé-wolé dé, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ṣẹ àwọn. Abẹ́rẹ́ búpá dé, kò rí ọmọ kankan. Ó sì wá ṣẹlẹ̀ pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun ní Ìbá, kò sì sẹ́ni tí yóò pe ìlú jọ. Ògúnlànà rán Abọ́dúnrìn pé kó lọ kéde pé Yésúfù wà láàyè.

Abọ́dúnrìn lọ. Ó lù ú, ó sọ ọ́. Bàbá Adélékè bi í pé, "Bó bá wà láàyè, kí ni agogo rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ rẹ?" Abọ́dúnrìn ronú títí. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ bi Akọ̀wé. Kò sẹ́ni tó dáhùn pé òun gbọ́.

Ara Akọ̀wé kò gbà á mọ́. Ó já agogo gbà, ó ní òun fúnra òun ni yóò tún un ṣe, láti Ìbá gan-an tí ilé ìgbẹ̀bí wà. Abọ́dúnrìn tẹ̀ lé e, ó ń bá a gbé agboòrùn. Akọ̀wé dúró ní ìkóríta, ó fọwọ́ tún táì ṣe, ó lu agogo jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna: kó. Kó.

Ìyá Abọ́dúnrìn, Àwẹ̀ró, ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà. Ó gbọ́ ọwọ́ kẹta. Igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Yéè! Ọmọ mi! Abọ́dúnrìn mi ti lọ!"

"Ìyá mi, èmi rèé!" ni Abọ́dúnrìn ké lábẹ́ agboòrùn.

"Mo rí ọ, ọmọ mi," ni Àwẹ̀ró wí, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Máa lọ sọ́dọ̀ Yésúfù, kí ẹ jọ máa gbé. Má jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n ọ o."

Abọ́dúnrìn gbé agboòrùn fún Akọ̀wé, ó sì lọ lóòótọ́. Nígbà tó dé Ọ̀jọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Yésúfù, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ti kú." Yésúfù wò ó, ó ní, "Kú àbọ̀. Fàúsátù, bu ẹ̀bà fún òkú kejì." Fàúsátù ní bí òkú kẹta bá dé, òun ń lọ sí ilé bàbá òun.

Òkú kẹta dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wá ní ọjọ́ kejì, agogo lọ́wọ́ rẹ̀. Ògúnlànà dọ̀bálẹ̀ nínú iyanrìn, táì rẹ̀ na níwájú rẹ̀ bí ahọ́n.

"Bàbá Alágogo, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi gba agogo yìí."

"Òkú ni mí, Akọ̀wé. Òkú kì í lu agogo."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ sọ pé ẹ wà láàyè, ẹ sọ pé Abọ́dúnrìn wà láàyè, ẹ pe ìlú sí ilé ìgbẹ̀bí. Tẹ́ ẹ bá parí ìyẹn, ẹ wá kéde ọ̀rọ̀ tó kù yẹn, pé agogo ti parí."

Ẹ gbọ́ mi, nínú iyanrìn náà ni ó ti ń sọ ọ́! Yésúfù ní òun wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, òun wo agogo bàbá òun, òun sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́, Akọ̀wé." Ó gba agogo.

Ó jáde sí ojúde. Kó-kó... kó.

Ọ̀jọ́ tú jáde. Wọ́n mọ ọwọ́ náà. Àwọn obìnrin sáré wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun gàrí lọ́wọ́, àwọn apẹja fa ọkọ̀ sí èbúté. Yésúfù gbé ohùn sókè, ó ní, "Ará ilé, ará ọ̀nà! Yésúfù Àtàndá kò kú! Abọ́dúnrìn ọmọ Àwẹ̀ró kò kú! Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!" Ayọ̀ gba ibẹ̀. Wọ́n gbé Yésúfù sókè, wọ́n ń kí Fàúsátù pé ó kú oríire ọkọ. Ó kéde ti ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ní àwọn gbọ́, àwọn á wá.

Ìgbà náà ni Bàbá Adélékè ṣí fìlà lórí. Ó ń ronú, ó ń ka ọwọ́ tí agogo ti gbà kọjá lórí ìka rẹ̀: Yésúfù, Abọ́dúnrìn, Akọ̀wé... ó tún padà bọ́ sí ọwọ́ Yésúfù.

"Áà," ló wí. "Akọ̀wé ti lọ nìyẹn."

Gbogbo ojú yí sí Ògúnlànà tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi.

"Èmi rèé!" ló ní.

"A rí yín," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń mi orí. "Ó mà ṣe o. Ọ̀dọ́mọkùnrin."

"Bàbá Alágogo, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ ti èmi, kí ẹ sì wá sọ ti agogo tó kù yẹn!"

Yésúfù gbé agogo. Ó la ẹnu. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù." Ó wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fọwọ́ kan ọ̀fun. Ẹnìkan ti ń sáré lọ mú oyin wá.

Láti ọjọ́ náà, àṣẹ Ògúnlànà kò múlẹ̀ mọ́ láti Ọ̀jọ́ dé Òkókómáíkò, nítorí òkú kì í pàṣẹ. Bó bá ní kí wọ́n gbá ojúde ọ́fíìsì, wọ́n á ní kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí Ajẹ́lẹ̀ ṣí ilé ìgbẹ̀bí, èrò pọ̀ bí omi. Nígbà tí Akọ̀wé dìde láti sọ̀rọ̀, àwọn ìyá ń nu ojú, Àwẹ̀ró sì gbé àwo ìrẹsì síwájú rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó rò pé àṣà ìbílẹ̀ ni. Kò pẹ́, Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé òun lọ sí kánsù mìíràn.

Agogo ṣì wà lọ́wọ́ Yésúfù. Mo bi í nídìí àgbọn náà bóyá ó padà kéde pé ọkùnrin náà wà láàyè. Ó gbé agogo lé itan, ó fi etí aṣọ nù ún.

"Ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ sínú lọ́rì, ó wá bá mi. Ó ní, 'Bàbá Alágogo, mo ti ń lọ. Ẹ dákun, ẹ kéde mi, ìyàwó mi ń bọ̀ wá mú ìkòkò rẹ̀ tó kù, mi ò fẹ́ kí wọ́n kí i ní opó.' Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo gbé agogo, mo lù ú dáadáa, gbogbo ilé jáde. Mo la ẹnu báyìí, ọ̀fun mi sì dí."